Raleigh Ọdún 1955: Láti Ṣọ́ọ̀bù Aláàánú Padà Sójú Títì

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ọjọ́ orí kẹ̀kẹ́ ológeere tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́, kó má wo ọ̀dà ara rẹ̀, kó má sì tíì gba ọ̀rọ̀ ẹni tó ń tà á gbọ́. Kó bẹ̀rẹ̀ mọ́ táyà ẹ̀yìn, kó fi àkísà nu họ́ọ̀bù, ìyẹn irin roboto àárín tí gbogbo sípóòkù ti yọ jáde. Bó bá jẹ́ irú AW tí ilé iṣẹ́ Sturmey-Archer ṣe, yóò rí lẹ́tà AW tí wọ́n tẹ̀ sára irin náà, àti nọ́ńbà méjì: ọ̀kan ni ọdún, èkejì ni oṣù tí wọ́n ṣe họ́ọ̀bù. Èyí tí mo rí ka 55 àti 9. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 1955 nìyẹn, ọdún tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ sì ń gun irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ la ojú ọ̀nà oko kọjá lọ síbi iṣẹ́ wọn.

Họ́ọ̀bù nìkan kì í ṣe ẹ̀rí tó pé, nítorí ẹnìkan lè ti pààrọ̀ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ lẹ́yìn tí ti àkọ́kọ́ bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ìyókù ara rẹ̀ bá ọdún náà mu: bíréèkì onírin gbọọrọ tí kò ní wáyà, táyà gíga tí wọ́n ń pè ní 28, ìjókòó aláwọ, àti iná iwájú tó ń gba agbára láti inú họ́ọ̀bù iwájú.

Ṣọ́ọ̀bù aláàánú ni mo ti rí i, ní Nottingham níbi tí mò ń gbé. Ẹni tí kò bá tíì dé ilẹ̀ yìí lè má mọ irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀. Àwọn ará àdúgbò máa ń kó aṣọ, ìwé, àwo àti àga tí wọn kò lò mọ́ wá síbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn á tò ó sórí pẹpẹ, wọ́n á tà á, owó rẹ̀ á sì lọ síbi ìwádìí àrùn ọkàn, ìtọ́jú ọmọdé, tàbí oúnjẹ fún àwọn tí ebi ń pa. Oxfam wà lára àwọn tó sọ ọ́ di ohun tó tàn ká: ọdún 1947 ni wọ́n gba ilé kan ní Broad Street nílùú Oxford. Bọ́síkọ́nà ni, àmọ́ ariwo àti ìnájà bíi ti ọjà Katangowa l'Ékòó kò sí níbẹ̀. Iye tí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ ọjà lẹ ó san.

Kẹ̀kẹ́ náà wà ní yàrá ẹ̀yìn, wọn ò tíì lẹ iye kankan mọ́ ọn. Ìyá àgbà tó wà ní kántà sọ fún mi pé nígbà tí àwọn ọmọ olóògbé kan ń palẹ̀ ilé bàbá wọn mọ́ ni wọ́n gbé e wá, pé ó gba àyè jù, pé onírin àlòkù ni wọn yóò pè bí ẹnikẹ́ni kò bá rà á. Mo ní kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ wò ó dáadáa.

Abẹ́ ọrùn férémù ni mo wò ṣáájú. Kẹ̀kẹ́ tó bá ti forí sọ ògiri tàbí mọ́tò rí, ibẹ̀ ni yóò ti jẹ́wọ́: ọ̀dà á ká kò, á sì ṣẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lẹ́yìn ibi tí fọ́ọ̀kì wọlé sí. Tèmi tẹ́jú níbẹ̀. Mo dúró sẹ́yìn rẹ̀, mo di ojú kan, mo wò ó bóyá táyà iwájú àti tẹ̀yìn wà lójú ìlà kan náà. Mo tú nọ́ọ̀tì abẹ́ ìjókòó díẹ̀, mo lọ́ ìjókòó náà, ó sì gbà láti yí, èyí tó múnú mi dùn, nítorí ọ̀pá ìjókòó tó bá ti dípẹtà mọ́ inú férémù lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀ lọ́wọ́ ẹni. Mo wá gbé ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ sókè, mo sì fi ọwọ́ yí táyà. Họ́ọ̀bù dáhùn: tíkí-tíkí-tíkí, ohùn tó ń lọ déédéé. Nígbà tí mo gbọ́ ọ, mo ti mọ̀ pé n óò san owó.

Ká sòótọ́, ó burú lójú. Ìpẹtà ti bo ríìmù, ṣéènì ti gan, rọ́bà bíréèkì ti le gbagidi, táyà méjèèjì ti sán. Kò sí èyí tó dẹ́rù bà mí nínú wọn. Táyà, ṣéènì àti rọ́bà bíréèkì jẹ́ ohun tí à ń rà. Férémù tó wọ́ àti họ́ọ̀bù tó fọ́ nínú ni kí ènìyàn sá fún. Mo tún fi sọ́kàn pé Raleigh ń gé ojú ìdè tirẹ̀ lọ́tọ̀: níbi pẹ́dàlì àti níbi ọrùn, ìlà 26 ló wà nínú íńṣì kan, nígbà tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ yòókù ń lo 24. Ohun tí ẹ bá yọ kúrò níbẹ̀, ẹ má sọ ọ́ nù, nítorí èyí tí wọ́n ń tà lóde òní kò ní wọ ihò rẹ̀.

Orúkọ ara rẹ̀ ló fà mí mọ́ra jù. Kẹ̀kẹ́ Hercules wà nílẹ̀ Yorùbá láyé àtijọ́, Phillips wà, Rudge àti BSA wà, ṣùgbọ́n Raleigh lẹni púpọ̀ ń fẹ́. Ilé iṣẹ́ kékeré kan ní òpópónà Raleigh Street, nílùú Nottingham yìí, ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Frank Bowden yà síbẹ̀ ní ọdún 1887, kẹ̀kẹ́ bíi mẹ́ta péré ni wọ́n ń ṣe lọ́sẹ̀. Bowden ti rí owó ní Hong Kong, àmọ́ àìsàn ti dá a wólẹ̀; dókítà ló ní kó máa gun kẹ̀kẹ́, ara rẹ̀ sì yá. Ó ra ilé iṣẹ́ náà, ó sọ ọ́ di Raleigh ní ọdún 1888, ó sì fi ẹyẹ tó wà nínú àmì ìdílé rẹ̀ ṣe àmì kẹ̀kẹ́, ẹyẹ ọlọ́rùn gígùn tó máa ń ṣọdẹ ẹja létí omi. Orí ẹyẹ náà ni wọ́n gé sínú àwo eléyín níbi pẹ́dàlì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, kẹ̀kẹ́ tó tó mílíọ̀nù kan ló ń jáde níbẹ̀ lọ́dún kan, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló sì ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sókè òkun.

Pátákó ìpolówó wọn kan wà tí àwọn tó ń kó nǹkan àtijọ́ jọ ń wá títí di òní: ọmọ Áfíríkà kan wà lórí Raleigh, ó ń sá lọ, kìnnìún ń lé e, kò sì bá a. N kò fẹ́ràn àwòrán yẹn. Ẹni tó yà á kò mọ ohun tí àwa ń fi kẹ̀kẹ́ ṣe. Kìnnìún kọ́ ló ń lé ẹlẹ́mu tó so agbè mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ láti ìdájí. Ẹmu tí yóò kan bí oòrùn bá ga ló ń lé e. Láyé ìgbà náà, kẹ̀kẹ́ ni wòlé-wòlé ń gùn wọ àdúgbò, tí àwọn ìyá á sì máa sáré bo ìkòkò omi wọn. Kẹ̀kẹ́ ni akọ̀wé ń gùn, kẹ̀kẹ́ ni olùkọ́ ń gùn, kẹ̀kẹ́ ni katikíìsì ń gùn láti ìjọ kan dé òmíràn. Àgbẹ̀ tó bá ta kòkó tán lọ́dún tí owó rẹ̀ gbé pẹ́ẹ́lí, bí kò bá fi páànù kan ilé, kẹ̀kẹ́ ni yóò rà. Yóò gbé ọmọ sórí irin iwájú, yóò gbé ìyàwó sórí kẹ́ríà ẹ̀yìn, yóò so ẹrù mọ́ ibi tó ṣẹ́ kù, wọ́n á sì dé ibi tí wọ́n ń lọ. Irin tó nípọn, táyà tó ga, bíréèkì tí kò ní wáyà tó lè já sọ́nà oko: gbogbo ohun tí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ọlọ́jọ́ òní ń pè ní ẹrù wúwo lára kẹ̀kẹ́ yìí ló jẹ́ kó wúlò lójú ọ̀nà ilẹ̀ pupa.

Ohun kan wà nínú ìtàn ilé iṣẹ́ náà tí kò yẹ ká fi pamọ́. Ní àwọn ọdún 1950, nígbà tí Raleigh ń ta kẹ̀kẹ́ fún aláwọ̀ dúdú ní Áfíríkà àti ní erékùṣù Karíbíà, kò gba aláwọ̀ dúdú tó ń gbé ní Nottingham gan-an síṣẹ́. Oswald George Powe, ọmọ Jàmáíkà tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn èèyàn rẹ̀ nílùú yìí, wà lára àwọn tó mú ọ̀rọ̀ náà tọ Norman Manley lọ, olórí ìjọba Jàmáíkà nígbà náà. Manley jẹ́ kó yé wọn pé Jàmáíkà lè ṣíwọ́ ríra kẹ̀kẹ́ wọn. Ilẹ̀kùn ṣí. Lẹ́yìn èyí, Raleigh di ọ̀kan lára ibi tí aláwọ̀ dúdú ti ń ṣiṣẹ́ jù ní Nottingham. Bí mo bá ń nu ara kẹ̀kẹ́ yìí, ìtàn náà kì í kúrò lọ́kàn mi. Owó kòkó wà nínú ohun tó sọ ilé iṣẹ́ yẹn di ńlá, owó ìrèké Jàmáíkà wà níbẹ̀ pẹ̀lú, nítorí náà n kò ka ara mi sí àlejò lọ́dọ̀ Raleigh.

Iṣẹ́ àtúnṣe bẹ̀rẹ̀ níbi kọ́tápíìnì. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń ba ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ àtijọ́ jẹ́. Irin kékeré tí wọ́n fá ní ẹ̀gbẹ́ kan ni, òun ló di apá pẹ́dàlì mú mọ́ ọ̀pá àárín. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á tú nọ́ọ̀tì rẹ̀, á mú òòlù, á bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú. Orí rẹ̀ á fẹ̀, á tẹ̀, kò sì ní lè jáde mọ́. Ìyókù agbára òòlù náà á wọnú ọ̀pá àárín, á sì fọ́ ojú ibi tí àwọn bọ́ọ̀lù kéékèèké ti ń yí. Ohun tó tọ́ ni kí ẹ da ọ́ìlì tó ń wọnú irin sí i, kí ẹ fi sílẹ̀, kí ẹ tún dà á sí i lọ́jọ́ kejì. Lẹ́yìn náà, ẹ dá nọ́ọ̀tì padà títí yóò fi bá orí píìnì dọ́gba, kó lè dáàbò bo ojú ìdè rẹ̀. Ẹ wá wá páìpù irin tó nípọn, kí ẹ gbé e dúró sábẹ́ apá pẹ́dàlì, kó kanlẹ̀ gírígírí, kí agbára òòlù lè tipa bẹ́ẹ̀ gba inú páìpù lọ sílẹ̀, kó má dé ọ̀dọ̀ àwọn bọ́ọ̀lù. Ẹ lù ú lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú ọwọ́ tó dájú. Ìlù kan tó wúwo sàn ju ogún tó ń bẹ̀rù lọ. Ẹni tó bá ní irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń tì í jáde láìlo òòlù, kó lò ó. Ohun tí mo ṣe nìyẹn, mo yá a lọ́wọ́ ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ládùúgbò wa, ó sì jáde pẹ̀lú ariwo tó já mi láyà, láìsí pé ohunkóhun ṣẹ́.

Tuntun tí ẹ ó fi rọ́pò rẹ̀ kò ní wọlé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Fáìlì ni ẹ ó fi ra ojú tó tẹ́jú lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ ó máa dán an wò, títí apá ọ̀tún àti apá òsì yóò fi kọjú sí ara wọn ní ìlà kan ṣoṣo. Àwọn atúnkẹ̀kẹ́ṣe ilé wa ò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ wọn níyẹn. Lábẹ́ igi lẹ́bàá ọjà, pẹ̀lú sípánà díẹ̀, fáìlì kan, pọ́ǹpù àti ike gírísì, wọ́n ń ṣe iṣẹ́ tí ilé ìtajà kẹ̀kẹ́ tuntun kan nílùú yìí sọ fún mi pé àwọn kò ṣe mọ́. Wọ́n á yí kẹ̀kẹ́ délẹ̀, wọ́n á gbé èékánná àtàǹpàkò sétí ríìmù, wọ́n á máa wo ibi tó ti ń kàn án, wọ́n á fún sípóòkù kan le, wọ́n á dẹ òmíràn, títí ríìmù á fi máa yí láìmi. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ á máa wò ó, á máa gbé sípánà lé ọ̀gá lọ́wọ́. Láti ìgbà tí ọ̀kadà ti gba ojú títì ní àwọn ọdún 1980, irú àwọn ọ̀gá bẹ́ẹ̀ ti dín kù gidigidi, ó sì ń dùn mí, nítorí ohun tí wọ́n mọ̀, inú ìka ọwọ́ ló wà, kì í ṣe inú ìwé.

Nígbà tí mo yọ ọ̀pá àárín, gírísì ibẹ̀ ti gbẹ, ó ti di èépá dúdú. Mo fi kẹrosíìnì fọ gbogbo rẹ̀, mo wo ojú irin náà lábẹ́ iná: ó ń dán, kò ní ihò kankan. Mo fi bọ́ọ̀lù tuntun sí i, mọ́kànlá ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, mo fi gírísì kún un, mo sì dè é padà débi tí kò fi mì tí kò sì fún. Kò sí ohun kan lára kẹ̀kẹ́ yìí tí sípánà àti sùúrù kò lè tú. Àwọn tó ṣe é ti gbà látìbẹ̀rẹ̀ pé yóò bàjẹ́ lọ́jọ́ kan, wọ́n sì ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ fún ẹni tí yóò wá tún un ṣe. Ẹ lọ wo kẹ̀kẹ́ olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń tà ní ilé ìtajà ńlá lónìí: ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yà rẹ̀ ni wọ́n ti dì pa, bó bá bàjẹ́, ẹ jù ú nù.

Ní ti kíróòmù, ara hándù, ríìmù àti irin bíréèkì, mo lo bébà alumíníọ̀mù tí wọ́n fi ń wé oúnjẹ. Ẹ ká a pọ̀, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi, kí ẹ fi ra ìpẹtà. Alumíníọ̀mù rọ̀ ju kíróòmù lọ, kò lè ha á, ṣùgbọ́n ó ń kó ìpẹtà kúrò débi tó ń ya èèyàn lẹ́nu. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ tí àwọn ìyá wa fi ń fọ idẹ náà ń jẹ ìpẹtà, bí ẹ bá ti lè fi omi ṣàn án kíákíá lẹ́yìn náà. Ibi tí kíróòmù bá ti ṣí kúrò pátápátá, kò sí ohun tí yóò dá a padà àfi kí wọ́n tún un rẹ. Mo nu irú ibẹ̀ mọ́, mo fi ìda pa á, mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀dà ni àríyànjiyàn ti ń bẹ́. Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá ra irú kẹ̀kẹ́ yìí, ohun àkọ́kọ́ tó ń wá sọ́kàn wọn ni kí wọ́n bó gbogbo ọ̀dà rẹ̀, kí wọ́n fọ́n tuntun sí i, kó máa dán gbinrin. N kò bá wọn dá sí i. Ọ̀dà dúdú ara rẹ̀ ti wà níbẹ̀ láti 1955. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ wúrà tó wà lára férémù, búrọ́ọ̀ṣì ni òṣìṣẹ́ kan fi fà á láìlo ẹ̀rọ, pẹ̀lú ọwọ́ tí kò gbọ̀n. Kò sí iye tí ènìyàn fẹ́ san tí yóò fi rí ọwọ́ yẹn rà lónìí. Ibi tí orúnkún ẹni tó ni ín ti ra ọ̀dà lọ, ibi tí ó ti máa ń gbé kẹ̀kẹ́ ti ògiri kan náà lójoojúmọ́, gbogbo rẹ̀ ṣì hàn. Bí a bá bó o, a ti nu iṣẹ́ òṣìṣẹ́ náà àti ìgbésí ayé ẹni tó ni ín nù lẹ́ẹ̀kan náà, kí la wá ń pè ní àtúnṣe? Ọ̀dà tuntun tọ́ fún kẹ̀kẹ́ tí ìpẹtà ti ń jẹ wọnú irin rẹ̀, tàbí èyí tí ẹnìkan ti kun ní ìkunkúkùn tẹ́lẹ̀. Èyí tí ọ̀dà àkọ́kọ́ ṣì wà lára rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀.

Omi àti ọṣẹ tí kò le ni mo fi fọ̀ ọ́. Ẹ ṣọ́ra fún pẹtiróò àti àwọn omi tó lágbára: wọ́n máa ń nu ìlà wúrà yẹn kúrò lójú ẹsẹ̀, wọ́n sì ń ba orúkọ tí wọ́n lẹ̀ mára férémù jẹ́. Lẹ́yìn tó gbẹ, mo fi ìda tí wọ́n fi ń pa ara mọ́tò pa á, mo sì fi aṣọ rírọ̀ nu ún. Dúdú tó ti di eérú padà di dúdú, àwọn àpá ara rẹ̀ sì dúró síbi tí wọ́n wà.

Ìjókòó rẹ̀, Brooks ni, ilé iṣẹ́ tí John Boultbee Brooks dá sílẹ̀ ní Birmingham ní ọdún 1866. Awọ màlúù gidi ni, ó ti gbẹ ṣùgbọ́n kò tíì ya. Mo fi ọ̀rá ìpawọ pa á lókè àti nísàlẹ̀, díẹ̀díẹ̀, mo sì fún un láyè kó mu ún. Ọ̀rá tó bá pọ̀ jù á mú kí awọ dẹ̀ kó sì wọ́ sílẹ̀.

Họ́ọ̀bù AW yẹ ní ohun tí ènìyàn jókòó tì. Ọdún 1936 ló jáde, wọ́n sì ń ṣe irú rẹ̀ títí di òní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Taiwan ni wọ́n ti ń ṣe é láti ìgbà tí SunRace ra Sturmey-Archer ní ọdún 2000. Nínú irin tí àtẹ́lẹwọ́ lè gbà yìí, ìyára mẹ́ta ló wà. Jíà kékeré kan lẹ̀ mọ́ ọ̀pá àárín, kì í yí. Mẹ́rin mìíràn yí i ká, oníkálukú wọn ń yí lójú ara rẹ̀, gbogbo wọn sì ń rìn yípo ti àárín. Òrùka ńlá kan tó ní eyín nínú ló wá gbá gbogbo wọn mọ́ra. Bí agbára ẹsẹ̀ bá gba ara òrùka wọlé, tó gba ara àwọn mẹ́rin jáde, táyà á yí ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ẹsẹ̀ á sì fúyẹ́: jíà gígun òkè nìyẹn. Bó bá gba ara àwọn mẹ́rin wọlé, tó gba ara òrùka jáde, táyà á fi ìdá kan nínú mẹ́ta yára sí i: jíà ojú ọ̀nà tó tẹ́jú nìyẹn. Ti ìkejì kò fi kún un, kò sì yọ nínú rẹ̀. Kò sí kọ̀ǹpútà níbẹ̀, kò sí bátìrì. Eyín irin, sípíríǹgì tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun, àti ọ́ìlì ni.

Àìrí ọ́ìlì ló sì máa ń pa á. Ihò kékeré kan tó ní ìdérí wà lára rẹ̀ fún ìyẹn. Bí kẹ̀kẹ́ bá ti dúró pẹ́, ọ́ìlì àtijọ́ á di, àwọn èékánná kéékèèké tó ń di eyín mú nínú lọ́hùn-ún á lẹ̀, ẹsẹ̀ á sì máa yí lásán. Ọ̀pọ̀ èèyàn á rò pé ó ti bàjẹ́, wọ́n á tú u, wọ́n á wá máa wá sípíríǹgì kiri ilẹ̀. Ẹ má tú u. Ẹ da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó ṣàn sínú ihò náà, ẹ máa yí táyà, ẹ jẹ́ kó sùn, ẹ tún dà á sí i. Ohun dúdú tó jáde lára tèmi pọ̀, lẹ́yìn rẹ̀ ni gbogbo jíà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dáhùn.

Ibì kan wà tó léwu. Láàárín jíà kejì àti ìkẹta, àyè kan wà tí họ́ọ̀bù kò ti di nǹkan kan mú. Ẹni tó bá dìde dúró lórí pẹ́dàlì nígbà tí wáyà jíà dẹ̀ débẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á já sófo, á sì fi ara lu irin férémù. Ọ̀nà àtitún un ṣe kò le: ẹ fi jíà sí ìkejì, kí ẹ wo inú ihò tó wà lára nọ́ọ̀tì ọwọ́ ọ̀tún. Orí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí ṣéènì kékeré wà nídìí rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá orí ọ̀pá àárín dọ́gba. Bí kò bá dọ́gba, ẹ yí ìdè wáyà náà títí yóò fi rí bẹ́ẹ̀. N kò gbà kí ẹnikẹ́ni gun kẹ̀kẹ́ mi kí n tó wo ibẹ̀.

Táyà kò fún mi ní wàhálà. Ìwọ̀n 28 oníńṣì kan àti ààbọ̀ yìí ti parẹ́ nínú ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù níbí, àmọ́ àwọn ará Netherlands ṣì ń gun kẹ̀kẹ́ tó ń lò ó, Íńdíà náà sì ń ṣe é. Rọ́bà bíréèkì rọrùn láti rí pẹ̀lú. Bíréèkì fúnra rẹ̀ ni kí ẹ bọ̀wọ̀ fún: ìsàlẹ̀ ríìmù ló ń di mú, bí òjò bá sì ti rẹ kíróòmù, kò ní tètè dá kẹ̀kẹ́ dúró. Ẹ tètè fà á, ẹ má sáré.

Iná ni mo ṣe kẹ́yìn. Dynohub ni wọ́n ń pè é, irin mágínẹ́ẹ̀tì tó wà nínú họ́ọ̀bù iwájú, tó ń fúnni ní fóòtì mẹ́fà bí táyà bá ti ń yí. Kò kan táyà, kì í fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn púpọ̀, kò sì nílò bátìrì láéláé. Wáyà rẹ̀ tó ti jẹrà ni mo pààrọ̀, gílóòbù tuntun ni mo fi sí i, iná sì tàn. Bí ó bá di dandan kí ẹ ṣí i, ẹ má ṣe fa mágínẹ́ẹ̀tì náà kúrò lára ohun tó wà nínú rẹ̀ láìfi òrùka irin rọ́pò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, nítorí agbára rẹ̀ á dín kù, iná á sì ṣú. Ọ̀pọ̀ Dynohub ni irú ìkánjú bẹ́ẹ̀ ti sọ di irin lásán.

Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe kẹ̀kẹ́ yìí kò sí mọ́. Wọ́n dáwọ́ títo kẹ̀kẹ́ dúró ní Nottingham ní ọdún 2002. Yunifásítì Nottingham ló wà lórí apá kan ilẹ̀ náà báyìí, ní ọgbà tí wọ́n ń pè ní Jubilee Campus. Mo ń gun kẹ̀kẹ́ náà kọjá níbẹ̀ lọ síbi iṣẹ́. Àwọn àgbàlagbà kan tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ ní Raleigh ṣì ń gbé ládùúgbò, wọ́n sì máa ń dá mi dúró lójú ọ̀nà. Wọn kì í béèrè iye tí mo rà á. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n á wo ibi tí irin ti so mọ́ irin, wọ́n á sọ irú ẹ̀ka tí àwọn fúnra wọn ti ṣiṣẹ́, bóyá ibi ọ̀dà ni tàbí ibi tí wọ́n ti ń yí ríìmù.

Mo mọ̀ pé irú kẹ̀kẹ́ yìí ṣì wà nílé. Ó wà lẹ́yìn ilé bàbá àgbà ní Ìjẹ̀bú, ní Ìlá, ní Ṣakí, adìẹ ń sùn lórí rẹ̀, àwọn tó ń ti ọmọlanke kiri láti ra irin àlòkù sì ti fi ojú sí i lára. Bí ẹ bá ní ọ̀kan, ẹ gbé e wọlé kí òjò tó dé. Ẹ da ọ́ìlì síbi ọ̀pá ìjókòó, síbi kọ́tápíìnì àti sínú họ́ọ̀bù, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ béèrè atúnkẹ̀kẹ́ṣe tó dàgbà jù ní ìlú yín, kí ẹ mú ọ̀dọ́ kan dání tí yóò dúró tì í nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, kí ẹ sì sọ fún bàbá náà kó má kun ún.